Ẹja Tí Wọ́n Nù fún Àlejò

Òórùn èéfín Òde-Omi, ìlú apẹja létí ọ̀sà, kì í tètè kúrò lára aṣọ. Mo lè fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi lẹ́ẹ̀mẹta ní Àgọ́-Ìwòyè, kí n sá a sóòrùn títí di ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ àwọn tí a jọ ń gbélé á ṣì máa béèrè ta ló ń yan ẹja nínú yàrá. Ọdún tí mò ń parí oyè kejì ní yunifásítì ni. Èmi ọmọ Japara, níbi tí kò sí ọ̀sà, tí mi ò mọ ẹja ju inú ọbẹ̀ lọ, ni wọ́n ní kí n lọ wádìí ohun tí èéfín ń fi sára ẹja.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé bí ọ̀rá ẹja bá ń kán sórí ẹyín iná, tàbí tí igi tútù kò bá jó dáadáa, èéfín tó ń jáde máa ń gbé àwọn èròjà kan lẹ̀ mọ́ ara ẹja. Ojú kò rí wọn, ahọ́n kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wọ ara èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n lè fa jẹjẹrẹ. Èmi fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó lára ẹja tiwa, èyí tí wọ́n ń yan létí ọ̀sà.

Ìyá kan tó ti ń yan ẹja kí wọ́n tó bí mi ló gbà mí lálejò. Ó máa ń wúkọ́ bó ṣe ń koná, ojú rẹ̀ á máa ṣomi, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́; ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi. Ìgbàkigbà tí mo bá dé, ó ti di ẹja sínú ìwé dè mí. Mo gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò, èsì sì jáde pé ẹja náà mọ́ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Inú mi dùn dẹ́yìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé yíyan ẹja bí wọ́n ṣe ń yan án kò léwu. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n kó ìwé ìwádìí mi fún yunifásítì.

Mo padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Mo bá a lábẹ́ àtíbàbà, tó ń fi aṣọ tó ta òróró sí nu ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, tí dúdú èéfín ń kúrò, tí ara ẹja ń dán. Ó ní àlùfáà ìjọ wọn ló ń bọ̀ wá kí wọn. Mo béèrè bóyá gbogbo ẹja ni wọ́n ń nù báyẹn. Ó ní rárá, tàlejò nìkan ni, bóun ṣe nu tèmi náà nìyẹn.

Àṣé ẹja tí wọ́n ti nù ni mo gbé lọ fún àyẹ̀wò. "Ìyá, mo ní kí ẹ fún mi bó ṣe kúrò lórí iná."

Ó wò mí bí ọmọ tí wọn ò kọ́. "Lẹ́sìí? Ta ni á gbé ẹja dúdú lé àlejò lọ́wọ́?"

Mi ò lè bínú sí i. Nínú ọkọ̀, mo rò ó pé kí n panu mọ́. Àbí ta ni yóò mọ̀? Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni ohun tí mo kọ sílẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, mo lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Ó ní mi ò ní lè bá àwọn ẹgbẹ́ mi jáde, kí n padà lọ gba èyí tí wọ́n nù àtèyí tí wọn ò nù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Èsì kejì yàtọ̀. Inú dúdú yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà náà wà. Níbi tí wọ́n ti nù ún, ó dín kù gan-an. Igi gbígbẹ àti wáyà tí wọ́n ń tẹ́ ẹja lé, bó bá jìnnà síná, náà ń dín in kù. Mo kó ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ìyá, mo rò pé bí ọjà rẹ̀ ṣe máa tà ni yóò béèrè.

"Èyí tí a kì í nù," ó ní, "òun là ń sè fáwọn ọmọ."

Ó pe àwọn ìyàwó ilé. "Láti òní lọ, ẹ máa nu tọmọ bí ẹ ṣe ń nu tàlejò."

Ọdún kan gbáko ni mo fi pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ mi, ó sì dùn mí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ká ní mo panu mọ́ ni, ìwé mi ì bá wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé lónìí, tí yóò máa sọ fáyé pé kò séwu, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ì bá sì máa jẹ dúdú yẹn lọ.