Ìwé Tí À Ń Kà Níwájú, Tí Wọ́n Ń Tà Lẹ́yìn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tèmi ọmọ ọmọ mi kó ìwé ìtàn mẹ́ta wá sílé wa ní Ṣàngótẹ̀dó. Nínú ọ̀kan, tíṣà kan sọnù, àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ló ń wá a kiri bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nínú èkejì, ọmọbìnrin kan di ẹyẹ, ó ń bá ọba afẹ́fẹ́ jagun. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ tí kò tíì lè fọ ìkòkò mọ́ ló ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Mo ṣí ti tíṣà, mo gbé e sí imú.

"Bàbá, ẹ̀ ń gbóòórùn ìwé ni?" Tèmi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ìwé ìtàn tí mo kọ́kọ́ kà láyé, òórùn ẹja yíyan ló wà lára rẹ̀.

Lakowe, ìlú tí mo gbé dàgbà, ti ìgbà yẹn kọ́ lẹ mọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ibi tí àwọn olówó ti ń fi igi lu bọ́ọ̀lù kékeré káàkiri lónìí, igbó ni. Ọ̀nì kan wà nínú ọ̀sà wa tó máa ń kí bàbá mi káàárọ̀. Bí bàbá mi ò bá dáhùn, á bínú lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ọ̀nì.

Etí ọ̀sà yẹn ni Ìyá Sìdí ti ń yan ẹja. Sìdí ọmọbìnrin rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Èmi wà ní ìwé kẹrin nílé-ìwé, ibẹ̀ náà ni mo sì parí rẹ̀ sí. Sìdí ò lọ rárá. Bàbá rẹ̀ ní ẹja kì í bi ẹni tó ń yan án bóyá ó mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó wu ọmọ yẹn tó ìwé.

Ìyá Sìdí máa ń ra bébà àlòkù ní ìdì ìdì lọ́jà Ajah, òun ló fi ń di ẹja fún oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, ìwé ìtàn kan wà nínú rẹ̀: wọ́n jí ìlẹ̀kẹ̀ ọba, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ń wá olè. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, a ó jókòó sẹ́yìn ààrò, èmi á máa kà, Sìdí á máa yí ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìyá rẹ̀ ti ń ya ìwé. Àwa ń kà láti iwájú, òun ń tà láti ẹ̀yìn, kíkà tèmi sì ń wọ́ bí ìgbín. Ká tó dé àárín, ìwé ti tán. Olè ti bá ẹja oníbàárà lọ sí Addo.

Ojú tì mí láti sọ fún Sìdí pé ìwé ti tán. Mo tẹjú mọ́ ewé tó kù, mo ń bá a lọ látinú orí ara mi: alásè ọba ló jí i. Sìdí pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n tún un kà. Mo ti gbàgbé ti àná. Mo ní olorì ni.

Ó fi ẹja sílẹ̀. "Lánàá alásè, lónìí olorì. Ṣé ìwé náà lálàá ni?"

"Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Níbo? Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kan ibì kan ṣáá. Ó wò ó títí, omi lé sí i lójú. "Ká ní mo mọ̀wé ni, ìwọ òpùrọ́ eléyín ganganran yìí ò ní lè rẹ́ mi jẹ. Kọ́ mi!"

Èédú ni ṣọ́ọ̀kì wa, ara ààrò ni pátákó. Ohun tí tíṣà bá kọ́ mi láàárọ̀, mo ti kọ́ Sìdí kí oòrùn tó wọ̀. Kò pẹ́ tó fi ń tún èyí tí mo ṣì ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ fẹ́ ya bébà fún oníbàárà kan, Sìdí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ya á." Ló bá kà á sókè, láìkọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sin adìyẹ lásán ni, ṣùgbọ́n oníbàárà gbé ẹja rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbọ́. Ìyá Sìdí ò lè mira. Gbogbo ẹja orí ààrò ló jóná lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa Sìdí lọ sílé-ìwé. Ó ní bí bàbá rẹ̀ bá ń bínú, kó wá yan ẹja fúnra rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n ta ilẹ̀ náà, kálukú wábi gbà. Sìdí bá ọkọ lọ sí Ẹ̀pẹ́, n ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìwé Tèmi pé láti iwájú dé ẹ̀yìn; èyí tó wà nínú fóònù rẹ̀, ta ni yóò ya á? Mo yọ̀ fún un. Títí dòní, n ò mọ ẹni tó jí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, kò sì dùn mí. Ká ní ìwé wa pé ni, Sìdí ì bá pàtẹ́wọ́, kó padà sídìí ẹja rẹ̀. Níbikíbi tó bá wà lónìí, ohun kan dá mi lójú: kò sẹ́ni tó lè ka irọ́ sí i létí mọ́.