Igò Òfìfo Tí Bàbá Sítóò Kọ̀ Láti Gbà

Olúgbádé ará Ẹmùrè-Ilé kì í buwọ́ lùwé fún ohun tí kò bá fojú rí. Bí wọ́n bá gbé ìbọ̀wọ́ rọ́bà wá, á tú u sílẹ̀, á kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tọwọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀, tọwọ́ òsì lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbọ̀wọ́ náà ò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń tọ́jú sítóò ní ilé ìwádìí kékeré kan lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ ní Ọ̀wọ̀, Bàbá Sítóò sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é níbẹ̀. Fúnmiọlá ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n gbé àkọ́bí àwọn lé e lọ́wọ́ ní ọsibítù, ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà ló kọ́kọ́ kà kó tó wo ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Dókítà Jemimah, tó ń wádìí ìdí tí egbò àwọn kan kì í fi í tètè jinná, fẹ́ lọ ṣèpàdé ní Àkúrẹ́. Ó ní ọjà kan ń bọ̀ láti òkè òkun, oṣù mẹ́ta lòun ti ń retí rẹ̀. Kí Bàbá Sítóò bá òun gbà á, kó sì gbé e sínú fìríìjì kíá.

"Kí lẹ pe orúkọ rẹ̀, Dókítà?"

"Pùrótéènì ni, Bàbá. Òun ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn máa dàgbà."

Ọkọ̀ ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni: *Ohun tí ń mú ènìyàn dàgbà, ẹyọ kan.*

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Salahudeen tó ń fi ọ̀kadà kó ẹrù kiri gbé páálí kan dé. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ó ga débi pé bó bá jókòó sórí ọ̀kadà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á yọ síta bíi ti tata. Ó bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé.

Bàbá Sítóò tú páálí náà. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣí fóòmù, ó bá yìnyín. Ó gbé yìnyín kúrò, ó bá ọ̀rá. Ó ya ọ̀rá, ó bá páálí mìíràn tó kéré ju páálí ìṣáná lọ. Inú ìyẹn ni igò kan wà tí kò tó ìka ọmọdé. Inú igò náà ńkọ́? Kò sí nǹkan kan.

Ó dorí rẹ̀ kodò. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó gbé e sétí. Ó pe Kàsúmù tó ń ṣọ́ géètì, ó na igò náà sí oòrùn níwájú rẹ̀.

"Kàsúmù, kí lo rí?"

"Mo rí ìka yín, sà."

Ó gbé e lé orí ìwọ̀n, ó tún gbé igò òfìfo tó jọ ọ́ lé e. Dọ́gbadọ́gba. Ó dé bírò rẹ̀.

"Òfìfo ni. Mi ò buwọ́ lù ú."

"Bàbá, bí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn," ni Salahudeen wí. "Ẹ ṣáà rí i pé ọ̀rá rẹ̀ ò já."

Bàbá Sítóò gbójú sókè láti orí bàtà ọmọkùnrin náà títí dé orí rẹ̀. Ó gbà á lákòókò díẹ̀ kó tó dé òkè.

"Salahudeen, kí lo mu lójú ọ̀nà?"

"Omi ni, sà."

"Omi inú igò wo?"

Ó yé Salahudeen. "Háà! Ẹ ń sọ pé mo mu ọjà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń mú ènìyàn dàgbà ló yẹ kó wà nínú igò yìí. Igò ṣófo. Ìwọ náà rèé, o ga bí òpó iná. Kí lo fẹ́ kí n rò?"

"Mo ti ga kí n tó kúrò nílé!"

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

Kàsúmù ní òun rí i lóṣù tó kọjá, bó ṣe ga nìyẹn. Bàbá bi í bóyá ó wọ̀n ọ́n. Kò wọ̀n ọ́n. Ni Salahudeen bá fi ìbínú pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ṣí i kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí mo ṣe ga tó."

"Kí ló dé?" ni ìyá ké. "Ṣé o ti kúrú ni?"

Bàbá Sítóò gba fóònù. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú, nígbà tí ọmọ yín ń jáde láàárọ̀ yìí, báwo ló ṣe ga tó?"

"Ó forí gbá àtẹ́rígbà bó ṣe máa ń ṣe. Ta ni ń sọ̀rọ̀? Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún un?"

Bàbá kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò buwọ́ lùwé síbẹ̀. Salahudeen náà ní òun ò níí lọ láìgba ìbuwọ́lùwé. Nígbà tí Kàsúmù tọ́ka sí i pé yìnyín ti ń yọ́, ẹ̀rí ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í da Bàbá láàmú. Ó gbé igò náà sínú fìríìjì, ó sì lẹ ìwé mọ́ ọn: *Igò òfìfo. Ẹjọ́ wà lórí rẹ̀.* Lẹ́yìn náà, ó pín iyán tí Fúnmiọlá dì fún un sí méjì, ó gbé ìdajì fún Salahudeen. Ó ní ẹ̀sùn ò ní kí ebi pa ènìyàn.

Aago mẹ́ta ni Dókítà Jemimah dé. Ó ka ohun tí Bàbá lẹ̀ mọ́ igò, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lé páálí ìbọ̀wọ́.

"Bàbá, ó wà níbẹ̀! Wọ́n ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ ni. Bí ẹ bá pín hóró iyọ̀ kan ṣoṣo sí ọ̀nà mẹ́fà, ìpín kan ló wà nínú igò yẹn. Ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀."

"Ara ta ni wọ́n ti yọ ọ́?"

"Wọn ò yọ ọ́ lára ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣe àdàkọ ìlànà tí ara wa fi ń ṣe é, wọ́n fi í sínú kòkòrò tí ojú ò lè rí, kòkòrò náà wá ń bá wa ṣe é. Bí ẹ bá rẹ àgbàdo fún ògì, ta ló ń mú un kan?"

"Ó máa ń kan fúnra rẹ̀ ni."

"Kòkòrò ni, Bàbá. Ẹ ò sì rí wọn rí. Bí ẹnikẹ́ni bá tiẹ̀ mu ún, kò lè ga sí i. Sẹ́ẹ̀lì ara tí a ń tọ́ nínú abọ́ nìkan la fẹ́ lò ó fún."

Bàbá ṣí fìlà lórí, ó kọjú sí Salahudeen. "Ọmọ mi, má bínú. Ojú ń tì mí."

"Kò burú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pe ìyá mi padà. Ó ti pè lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ní ṣé mo ṣì ń kúrú lọ ni."

Bàbá pè é, ó tọrọ àforíjì, lẹ́yìn náà ló buwọ́ lùwé: *Mo gba igò kan. Ohun inú rẹ̀, Dókítà ló rí i.*

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà Jemimah pè é wá wo ẹ̀rọ awòye tó ń sọ ohun tíntìntín di ńlá. Ojú tó yẹ kó là ló kọ́kọ́ dì. Nígbà tó là á, ó rí abọ́ tí wọn ò fi pùrótéènì sí: sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí ọ̀dá pa. Nínú abọ́ kejì, wọ́n fún mọ́ra wọn bí èrò ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kàn ń mi orí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bọ̀wọ̀ fún igò. Nígbà tí ogójì igò dé lóṣù kejì, ó kó oúnjẹ gbogbo òṣìṣẹ́ jáde nínú fìríìjì, ó sì to igò náà sí i ní mẹ́rin-mẹ́rin.

"Bàbá," ni Dókítà wí, "igò tí a fẹ́ fi bu omi kànga fún àyẹ̀wò ní Ute nìyí o. Òfìfo ni wọ́n lóòótọ́."

Bàbá Sítóò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra pa ilẹ̀kùn fìríìjì dé. "Dókítà, ẹ ò lè tún tàn mí mọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n kó igò náà lọ sí Ute. Igò náà tutù débi pé Kàsúmù ní láti wọ ìbọ̀wọ́ kó tó lè gbé wọn sínú ọkọ̀.