Moubarak Tó Ń Fi Pẹ́táńkì Hàn Lórí Fóònù

Ọkọ mi ni Moubarak. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àjèjì ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí n ó bú u díẹ̀ kí n tó yìn ín. Fóònù ló ń tún ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Igolo, níbi tí èmi náà ti ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnì fún àwọn aránṣọ. Tábìlì tèmi àti tirẹ̀ fara kan ara wọn. Láti àárọ̀ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Ọjọ́ Àìkú ni orí rẹ̀ máa ń yí.

Lọ́jọ́ Àìkú, á mú fóònù rẹ̀ tó dára jù, á gun alùpùpù, ó di ibi tí wọ́n bá ti ń ṣeré pẹ́táńkì. Eré bọ́ọ̀lù irin tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún wa ni. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù igi kékeré kan síwájú, oníkálukú á máa ju bọ́ọ̀lù irin tirẹ̀ tẹ̀lé e, ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù ló jẹ ayò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ayò mẹ́tàlá ló borí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin á dúró, wọ́n á tẹjú mọ́lẹ̀, wọ́n á ronú bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, wọ́n á wá ju irin kan ṣoṣo. Eré yìí ni ọkọ mi ń fi hàn ní dírẹ́ẹ̀tì lórí Fesibúùkù, kí ọmọ Ifangni, ìlú wa, tó wà ní Cotonou tàbí ní Libreville ní Gabon lè máa wò ó bó ṣe ń lọ, kó sì máa gbọ́ àlàyé rẹ̀ ní èdè wa.

Mo bi í nígbà kan pé, “Bàbá Sadatou, ta ló fẹ́ máa wo ilẹ̀?” Sadatou ni àkọ́bí wa.

Ó ní, “Àwọn tí wọn ò rí ilẹ̀ náà mọ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ dídùn kì í ra epo sínú alùpùpù. Mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì tí fóònù ń jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ fáránkì ni. Epo, ẹgbẹ̀rún kan, bí ó bá jẹ́ Tchaada ló ń lọ. Òǹwòran kì í sábà ju àádọ́ta lọ, bí bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó bá sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà, ó lè ku mẹ́tàdínlógún, tí èmi fúnra mi wà nínú wọn. Ojú ewé wa lórí Fesibúùkù kò tíì tó èyí tí wọ́n ń sanwó fún. Ààlà tún sún mọ́ wa débi pé nẹ́tíwọ́kì Nàìjíríà máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ tiwa láàárín eré, gbogbo nǹkan á sì dákẹ́ lójijì. Ní pápá kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí nẹ́tíwọ́kì tiwa ti ń dúró. Ibẹ̀ ni ọkọ mi á dúró sí bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì wà lọ́ọ̀ọ́kán, kò ní tóbi ju ẹyìn ọ̀pẹ tó já bọ́ lọ.

Ọdún mẹ́ta la fi ná owó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo ní ó tó. Ó ṣèlérí fún mi pé bí òun kò bá rí onígbọ̀wọ́ títí di ọjọ́ tí ìdíje gbogbo Ifangni bá máa parí, òun yóò fi í sílẹ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn ún tó, nítorí kò bá mi ṣàwàdà ní odindi ọjọ́ méjì.

Ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje náà parí ni Alájà Ràúfátù, tó ti ń bẹ̀ tipẹ́, dá a lóhùn. Páànù ni Alájà ń tà ní Igolo, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Àbdùlàzéèzì, sì wà lára àwọn méjì tó máa kojú ara wọn ní àṣekágbá. Ó ní òun yóò máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fún ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, fún odindi ọdún kan, kí wọ́n ṣáà máa dárúkọ páànù òun. Ṣùgbọ́n òǹwòran gbọ́dọ̀ pé ọ̀ọ́dúnrún lọ́jọ́ náà, ojú òun sì gbọ́dọ̀ rí bọ́ọ̀lù.

“Ilẹ̀ pupa nìkan ni mò ń rí, Moubarak! Ṣé ilẹ̀ ni mo fẹ́ sanwó fún ni? Sún mọ́ ọn, jàre.”

Ẹni tó máa kojú Àbdùlàzéèzì ni Victorin, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Daagbé, tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Kò dé àṣekágbá rí láyé rẹ̀. Ó lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ síbẹ̀ títí ó fi ń dán.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, mo jókòó sí ìdí òwú mi, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka iye òǹwòran, kí n sì máa fèsì fún àwọn tó ń kọ̀wé. Ọlọ́run ṣe é, nẹ́tíwọ́kì wa dúró dé àárín pápá lọ́jọ́ náà. Òǹwòran di igba, ó di ọ̀ọ́dúnrún, ó lé méjìlá. Mo pariwo mọ́ oníbàárà létí. Ayò wọn di méjìlá sí méjìlá.

Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló kù. Àbdùlàzéèzì ju tirẹ̀, ó dúró dáadáa. Victorin mí kanlẹ̀, ó ju tirẹ̀, ó yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ó dúró sí òdì kejì bọ́ọ̀lù igi. Adájọ́ wọn, Mẹ̀sìyẹ́ Mathias, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń wá téèpù nínú àpò. Àwọn olùdíje ṣì ń rìn bọ̀. Ọkọ mi ti sáré dé ìdí bọ́ọ̀lù ṣáájú gbogbo wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kẹ̀yìn sí èrò. “Ẹ̀yin ará Libreville, ẹ wò ó! Ó jọ pé ti Victorin ló sún mọ́ ọn o!” Ó ń yí i ká, fóònù nìkan ló ń wò.

Nísàlẹ̀ àwòrán ni mo ti rí etí bàtà rẹ̀. Mo rí i tó kan bọ́ọ̀lù igi. Bọ́ọ̀lù náà yí, kò ju ìbú ìka méjì lọ, sọ́dọ̀ irin Àbdùlàzéèzì.

Kò sí ẹni tó rí i ní pápá. Mathias dé, ó na téèpù, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ọwọ́ Àbdùlàzéèzì sókè. Alájà bú sí ijó. Lórí fóònù, àtẹ́wọ́ àti ọkàn pupa ti bo gbogbo àwòrán mọ́lẹ̀. Láàárín wọn ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Scholastique ti kọ ọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bọ́ọ̀lù igi yẹn ò ṣí nípò?”

Mo pa ohun tó kọ rẹ́. Ọwọ́ mi ti ṣe é kí orí mi tó mọ̀. Nígbà tí eré parí, mo yọ fídíò náà kúrò lójú ewé wa pátápátá. Mi ò ní parọ́: n kò ro ti Victorin rárá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni mò ń rò.

Ọkọ mi dé kí oòrùn tó wọ̀. Alájà ti ní kó wá lọ́jọ́ kejì wá buwọ́ lùwé. Mo ti se ìrẹsì, mo ti bu ẹran tó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

“Ìyá Sadatou, gbé fídíò yẹn wá kí n wò ó.”

Mo ní, “Nẹ́tíwọ́kì ò jẹ́ kó dúró.”

“Bọ̀n, ó dáa.” Ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Nǹkan kan bàtà mi níbẹ̀. Mo rò pé òkúta ni. Victorin wá bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọmọ òun obìnrin wà ní Libreville, ọdún mẹ́fà rèé tí wọn ò tíì fojú kan ara wọn, pé ọmọ náà ń wo òun lónìí. Scholastique ló pe orúkọ rẹ̀.”

Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bàtà, ìka méjì, àti ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo pa rẹ́. Mo ń retí kó gbaná jẹ. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ó ní, “Torí tèmi lo ṣe ṣe é.” Ó fà mí mọ́ra. Mo sunkún sí i léjìká, kò sì sọ pé kí n dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ní a ní láti gbé e padà. Mo ní, “Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ná wa?” Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Ó dáa, èmi ni mo yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbé e padà.” Mo wọ ibi tí Fesibúùkù ń kó ohun tí a bá yọ sí, mo sì tẹ̀ ẹ́ padà.

Ní àárọ̀ Ajé, ó dúró níwájú tábìlì rẹ̀, ó bọ́ sí dírẹ́ẹ̀tì. “Èmi Moubarak, ẹsẹ̀ mi ló kan bọ́ọ̀lù igi. Kì í ṣe Àbdùlàzéèzì, kì í ṣe adájọ́. Bàbá Victorin, ẹ forí jì mí.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Alájà ti dé iwájú tábìlì wa.

“O ba orúkọ àbúrò mi jẹ́ níwájú ará Gabon! Ṣé èmi ni n ó tún máa sanwó fún ọ? Jámẹ̀, láéláé!”

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mathias náà bínú, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni, ó mọ ohun tó tọ́. Ó ní wọ́n máa tún àṣekágbá náà ta lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Moubarak kò sì gbọ́dọ̀ kọjá okùn tí òun yóò nà ní ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí bọ́ọ̀lù. Ọkọ mi ní dakọ́ọ̀, òun gbà. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ìlérí ni ìlérí. Èyí ló kẹ́yìn.”

Lọ́jọ́ náà, òǹwòran mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo kà. Àwòrán kéré bíi ti àtẹ̀yìnwá. Mo rí Victorin tó dúró nínú òbìrí tí wọ́n fà sílẹ̀, irin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jù ú. Mathias ní kó jù ú. Kò jù ú.

Ó ní, “Ẹ pe onífóònù wọlé.”

Mathias ní kò ṣeé ṣe, pé ẹni tó ba eré jẹ́ ni.

“Mẹ̀sìyẹ́ Mathias, kò sí ẹni tó rí i. Òun ló wá sọ ọ́. Ta lẹ tún fẹ́ kí n fọkàn tán? Ọmọ mi wà nínú fóònù yẹn. Bó bá dúró lọ́hùn-ún, ọmọ mi ò ní rí ojú mi.”

Mathias bojú wo ilẹ̀, ó gbé okùn sókè. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi díẹ̀díẹ̀, títí irun funfun tó wà ní àgbọ̀n Victorin fi hàn. Ọkọ mi ti bọ́ bàtà rẹ̀. Mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń rọra tẹlẹ̀ bí ẹni tó wọ yàrá tí ọmọ tuntun sùn sí. Kò ṣàlàyé kankan. Ó kàn gbé fóònù sójú bàbá náà, ó ní, “Ẹ kí i.” Victorin sì kí ọmọ rẹ̀.

Victorin fìdí rẹmi, mẹ́tàlá sí mẹ́sàn-án, láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Scholastique kọ ọ́ pé, “Bàbá mi ti rù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.” Mo kà á lákàtúnkà. Mo fi aṣọ bo òwú mi, mo sọ fún oníbàárà pé kó padà wá lọ́la, mo kọjá sí òdì kejì títì, mo fi owó síìpù ra mẹ́gà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.