Ihò Orí Ìdérí Táǹkì

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ mẹkáníìkì, a sì ní bààlúù kan níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bààlúù gidi ni, oníjókòó méjì, ó dàgbà jù mí lọ. Ọmọ ìlú kan tó fi bààlúù wíwà jẹun ló fi ta wá lọ́rẹ kó tó kú. Kì í fò mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá kí wa, a máa ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ iwájú á máa yí, fìlà á máa fò lórí àwọn bàbá, gbogbo wa á sì máa yọ̀ bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò.

Bàbá kan ló ń tọ́jú ilé irinṣẹ́ wa. Òun ló ń ra epo bẹntiróòlù fún bààlúù náà, òun ló ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, òun náà ló ń rọ ọ́ sí táǹkì. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìntì.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó kú. Púríńsípà yíjú sí mi, ó ní kí ló dé. Èmi tí ẹnu mi máa ń yá ju ọwọ́ mi lọ, n kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí mo fi dáhùn.

"Epo tí Bàbá rà ni. Omi wà nínú rẹ̀."

Bàbá wò mí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n fún un ní kúérì, pé kó ṣàlàyé láàárín ọjọ́ mẹ́ta ìdí tó fi ra epo burúkú dójú ti ilé-ẹ̀kọ́. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ẹ̀bi kankan ò wọ fáìlì rẹ̀ rí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí mo rí i tó ká ìwé náà sí àpò ẹ̀wù, àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo ṣì gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Mo ní màá kúkú fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo fà lára epo náà, mo rọ ọ́ sí ọ̀kadà mi, mo gùn ún dé Èmùré, mo gùn ún padà. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Epo Bàbá dára ju èyí tí èmi fúnra mi ń rà lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí mi lọ́wọ́. Mo búra pé ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò ní pé kí n tó mọ ohun tó pa ẹ́ńjìnnì yìí. Mo tú púlọ́ọ̀gì, wọ́n mọ́. Mo tú kábúrẹ́tọ̀, kò sí ìdọ̀tí. Mo fẹ́ atẹ́gùn gba inú páìpù epo, ó kọjá geere. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, a tan án: ìṣẹ́jú márùn-ún, ikọ́, ó kú. Mo ju sípánà mọ́lẹ̀. Mo bú ẹ́ńjìnnì, mo bú ẹni tó ṣe é. Bàbá ló ń bá mi fi òkúta di táyà bààlúù ní gbogbo àkókò yìí, òun kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tó tún kú, Bàbá ṣí ìdérí táǹkì láti wo bí epo ṣe kù. Ó dúró, ó dẹ etí sílẹ̀.

"Tíṣà, wá gbọ́. Unú táǹkì yí ín fa èémí."

Mo dé e, a tan ẹ́ńjìnnì, ó tún kú, mo ṣí i. Òótọ́ ni. Ó fa atẹ́gùn sínú ṣìì. Táǹkì náà kò rí ibi mí. Bí epo bá ń jáde, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo kò ní ṣàn mọ́. Ihò kan wà lórí ìdérí náà fún iṣẹ́ yẹn, kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo wá ihò náà títí, n kò rí i. Ọ̀dà funfun ti bò ó.

Bí àlejò bá ń bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ohunkóhun tó bá dúró sójú kan la máa ń kùn ní funfun: òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, ìdí igi máńgòrò, ẹnu kànga. Bí èèyàn bá dúró pẹ́ jù, a lè kun òun náà. Lọ́dún yẹn, mo lé akunlé kúrò nídìí bààlúù, mo ní ọ̀dà rẹ̀ ń kán sílẹ̀, ọwọ́ tó mọ́ṣẹ́ ló yẹ kó kùn ún. Ọwọ́ tèmi ni mo ń wí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kun ìdérí yẹn.

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Bàbá rí ọ̀dà náà, ó mọ ẹni tó kùn ún. Ó kàn lọ mú abẹ́rẹ́ wá. A gún ihò náà, a tan ẹ́ńjìnnì, kò kú mọ́ títí Bàbá fi ní kí n pa á kí epo má baà tán.

Mo gba ọ́fíìsì púríńsípà lọ. Kí n tó lanu, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, Bàbá ti dá kúérì lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó na ìwé náà sí mi. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sẹ́ epo náà, n kò rí omi. Ṣùgbọ́n tíṣà mọ ẹ̀rọ jù mí lọ. Bó bá ní epo ni, epo ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

Mo sọ ohun tí mo rí fún púríńsípà. Ó ní òun yóò rọra fa kúérì náà padà, kí n má wulẹ̀ tú ara mi fó. Mo ní rárá o. Gbangba ni mo ti sọ ọ́, gbangba náà ni màá ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúrà, mo tan bààlúù náà níwájú gbogbo ọmọ àti gbogbo tíṣà. Nígbà tí mo pa á, mo gbé ìdérí táǹkì sókè. "Ọwọ́ mi ló dí ihò yìí," mo wí. "Epo Bàbá dára." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bààlúù ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Mo lọ bá Bàbá ní ilé irinṣẹ́. Ó ń nu sípánà tí mo jù mọ́lẹ̀ lánàá.

"Bàbá, ẹ sẹ́ epo yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ̀ pé ó dára. Kí ló dé tí ẹ fi gbà pé ẹ jẹ̀bi?"

Ó wò mí, bó ṣe wò mí lọ́jọ́ àlejò.

"Ùwọ kọ́ lo sọ ọ́ ni?"