Orin Tí Mo Fi Kí Àǹtí Aránṣọ ní Rédíò

Iṣu mẹ́ta tí kò tóbi ni mo rà lójú ọ̀nà Ogbooro lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni obìnrin tó ń tà á gbà lọ́wọ́ mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tó ku díẹ̀ kí sójà gbé ìjọba fún alágbádá, náírà kan là ń ra irú iṣu bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ní Ṣakí, ẹni tó tà á á tún fi kékeré kan ṣe ènì. Búrẹ́dì tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan lónìí, ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni. Orin nìkan ló rọjú ju ti ìgbà náà lọ. Ọmọ-ọmọ mi lè gbọ́ ogójì orin lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì ní í rántí ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tiwa, náírà márùn-ún ni àwo orin kan, ẹni tó bá sì ní i, gbogbo àdúgbò ló bá a ní i. Àwa tí apá wa kò ká àwo, káàdì là ń rà. Ogún kọ́bọ̀ ni.

Ilé iṣẹ́ rédíò ló ń ta káàdì náà. Èèyàn á kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kí sórí rẹ̀, á kọ orin tó fẹ́ kí wọ́n gbé fún wọn, á fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, á wá máa retí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ka orúkọ, á gbé orin. Kò sí ilé tó ní rédíò ní Òkè-Ògùn tí kì í gbọ́ ètò náà. Ẹni tí wọ́n bá fi orin ìfẹ́ kí níbẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, òun àti ẹni tó kí i ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ìlú.

Àwọn orin ìfẹ́ náà yàtọ̀ sí èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀. Létí tiwọn, obìnrin ló ń kọrin nípa ọkọ rẹ̀, níbi tó bá ti ń lọ ọkà, ìdajì rẹ̀ sì lè jẹ́ èébú sí orogún. Àfi bí gìtá ṣe dé, tí ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n lẹ́nu wá ń bẹ obìnrin kan bí ẹni tó ń bẹ ìjọba. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi ní. Bí olórin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í búra pé obìnrin kan ṣoṣo lòun rí láyé, wọn á yí rédíò sílẹ̀, wọn á ní bàtírì ló ń tán lọ.

Àwa ọ̀dọ́ kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ìbá ti fún ẹni tó wù ú, ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni báyìí, ó ń ka ìwé, ó sì ní ohun tó ń rò. A kò mọ bí èèyàn ṣe ń bá irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn bàbá wa kò lè kọ́ wa, nítorí alárinà ló bá wọn sọ tiwọn. Olórin la wá sọ di alárinà.

Irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kan wà ní ilé kejì sí tiwa. Bàbá wọn ń ṣòwò èlùbọ́. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Àbúrò ni mo ń sọ yìí, ó ku ọdún kan kó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Èmi náà ku ọdún kan ní yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọdún méjì jù mí lọ, ó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, Àǹtí Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Ọkùnrin kan ti fẹ́ ẹ sọ́nà tẹ́lẹ̀, ó gba òkè ọya lọ wá owó. Ọdún mẹ́rin ni Àǹtí fi dúró dè é. Nígbà tó dé, ó mú ìyàwó àti ọmọ méjì bọ̀ láti Kàdúná. Láti ìgbà náà, fún odindi ọdún mẹ́rin mìíràn, àwọn obìnrin àdúgbò ń pè é ní ìyàwó òkè ọya. Wọ́n ń sọ pé eré làwọn ń ṣe.

Tí mo bá ti wá fún ìsinmi, ìdí máṣìnì Àǹtí ni mo máa ń jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nítorí rédíò wọn mọ́ ju tiwa lọ. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Àbúrò á jókòó sórí àpótí, á máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tí orin bá dùn mọ́ ọn, kì í gbójú sókè, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ á dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ gbogbo orin tó máa ń dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Èyí tó dá a dúró pẹ́ jù ni mo kọ sórí káàdì mi.

Ibi orúkọ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mi ò lè kọ orúkọ àbúrò nìkan. Kí bàbá rẹ̀ gbọ́ orúkọ ọmọ wọn lórí rédíò láti ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì rán ẹnikẹ́ni wá, ìwọ̀sí ni. Kí n sì kí àbúrò níṣojú ẹ̀gbọ́n láìkí ẹ̀gbọ́n, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Nítorí náà, mo tò ó bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n sókè, mo kọ ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tẹ̀lé e, mo wá kọ ti àbúrò sísàlẹ̀ pátápátá. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wà á mọ̀ pé ẹni ìsàlẹ̀ lọ́rọ̀ kàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ka káàdì mi. Ètò ti ń parí lọ, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ń kánjú. Ó pe orúkọ mi, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí, ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ní kíkún, ó ní, "àti àwọn yòókù." Ó sì gbé orin.

Àwọn yòókù. Máṣìnì Àǹtí dúró. Ìyá wọn yọjú láti ẹ̀yìn ilé, ewé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wo ilẹ̀. Orin náà kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ orin tó gùn tó o láti ọjọ́ náà. Nígbà tó parí, Àǹtí tún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "O ṣé o," bí ẹni tí wọ́n fún ní omi mu. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Aṣọ tó rán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyàwó rédíò, ẹ kú ọ̀sán."

"Kí lẹ jẹ, tí ẹ fi ń dán báyìí?"

"Ẹ má dá a lóhùn, ọkọ rẹ̀ kàwé. Gẹ̀ẹ́sì ló kù tí yóò máa sọ."

Àwọn kan ní ó dàgbà jù mí lọ. Àwọn kan dáhùn pé ìwé tí mo kà ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, pé mo mọ ẹni tó lè bójú tó ilé. Ìyá mi bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "O ti kí wọn kí o tó rò ó."

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, àbúrò pàdé mi lọ́nà omi. Ó sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mo mọ orin tí ẹ béèrè. Mo sì mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nílé wa."

"Tí o bá ti mọ̀, jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé fún bàbá."

"Kí ẹ ṣàlàyé kí ni? Kí ẹ sọ pé kì í ṣe Àǹtí mi lẹ kí?" Ó wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbọ́ ẹkún wọn lóru. Láti ọjọ́ Àìkú, wọ́n ń sùn. Tí ẹ bá sẹ́ wọn, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé."

Mo ní mi ò ní sẹ́ wọn. Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí ránṣẹ́ pè mí, ó ní òun fẹ́ rán ṣẹ́ẹ̀tì fún mi kí n tó padà sílé ìwé. Ó fi téèpù ìwọnṣọ yí mi láyà ká. Kò wo ojú mi.

"Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ káàdì yẹn?"

Mo tẹjú mọ́ páálí tó wà lórí máṣìnì.

"Gbọ́wọ́ sókè dáadáa." Ó wọn apá mi, ó kọ ọ́ sórí páálí. "Èmi náà ka ìwé díẹ̀ o. Mo mọ bí ọmọ gidi ṣe ń to orúkọ. Kò burú. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi pè mí ní ìyàwó òkè ọya, mo sì ń dáhùn. Èyí tí wọ́n ń pè mí báyìí dùn díẹ̀ létí. Yíjú sẹ́yìn."

Kò bẹ̀ mí ní ohunkóhun. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ̀.

Ẹnì kan wà tí orin náà tún dé etí rẹ̀, tíṣà kan ní Ago-Àmọ̀dù tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń gun alùpùpù wá sí Ṣakí, tó ń gbé ṣòkòtò tí kò ya wá fún Àǹtí pé kó tún un ṣe. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí. Bí rédíò ṣe pe orúkọ Àǹtí, ẹ̀rù bà á. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kó àwọn àgbà rẹ̀ wá sílé bàbá wọn.

Bàbá náà kò dá wọn lóhùn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Wọ́n jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, àbúrò wọn ọkùnrin kan sì jókòó tì wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

"Àwọn ará Ago-Àmọ̀dù wá tọrọ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, gbogbo ayé ló gbọ́. Mi ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kí n tó gbọ́ tìrẹ. Ṣé o ń fẹ́ ẹ ni, àbí o fi ṣeré?"

Mo mọ̀ pé Àǹtí wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, nítorí máṣìnì kò dún. Tí mo bá ní eré ni, ìtìjú kejì dé bá a nìyẹn, ìbàjẹ́ orúkọ sì lè lé ará Ago-Àmọ̀dù sẹ́yìn. Tí mo bá ní mo ń fẹ́ ẹ, a ó gbé ìyàwó. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Mo ń fẹ́ wọn, bàbá. Àwọn ni wọn ò fẹ́ mi. Wọ́n ní mo kéré."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn, pé ọmọ wọn kọ ọmọ yunifásítì. Àbúrò bàbá yẹn fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n má bínú, pé obìnrin pọ̀ níbi tí mo ti ń kàwé. Ìròyìn náà ti dé ọjà kí n tó délé. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin tó ń bú Àǹtí wá ń bi í léèrè bí ó ṣe ní ìgboyà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà sílé ìwé, àbúrò ló gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wá bá mi ní gáréèjì. Mo rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Wọ́n ní kí n kí yín," ó ní. "Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó wọn pẹ̀lú tíṣà."

"O ní kí n má sẹ́ wọn. Mi ò sẹ́ wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí ẹ má sẹ́ wọn. Mi ò ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi." Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì náà lé mi lọ́wọ́. "Ta ló máa fún ẹni tí ẹ̀gbọ́n kọ̀ ní àbúrò? Ṣé bàbá mi? Ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án wà láàárín ìgbà tí mo pàdé rẹ̀ lọ́nà omi àti ìgbà tí bàbá rẹ̀ pè mí, mi ò sì wá a lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti bi í bí a ó ṣe ṣe é. Ó pàpà yé mi bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ pé mo ń pàdánù rẹ̀, ìyẹn gan-an sì ń dùn mọ́ mi nínú nígbà náà, bí ó ṣe máa ń dùn mọ́ ẹni inú orin tó fi ara rẹ̀ rúbọ. Àwọn olórin wa kò kọ́ wa pé ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a ń kọrin fún.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì, mo rán ìyá mi lọ tọrọ àbúrò. Bàbá wọn gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ṣé kí ayé máa sọ pé ìyókù ẹ̀gbọ́n ni mo fún àbúrò jẹ?" Ọdún tó tẹ̀lé e ni àbúrò fẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Ìsẹ́yìn.

Bàbá náà ti kú, ó ti pẹ́. Ìyá wọn tẹ̀lé wọn láàárín ọdún kan. Ìyá mi àti bàbá mi kò sí mọ́. Tíṣà Ago-Àmọ̀dù fẹ̀yìn tì, ó gbin kaṣú, ó kú kó tó jẹ èso rẹ̀ dójú àmì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ti Ìsẹ́yìn ṣì wà, a máa ń kí ara wa tí a bá pàdé nídìí owó ìfẹ̀yìntì. Mi ò mọ ibi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà wọlé sí. Ìyàwó mi wà láyé, ó mọ gbogbo ìtàn yìí. Àǹtí Aránṣọ wà láyé ní Ago-Àmọ̀dù, kò lè rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ márùn-ún ló bí. Àbúrò ṣaláìsí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà òjò. Mo lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Àǹtí ni mo jókòó sí. Èmi náà ṣì wà.