Ọwọ́ Nìkan Ni Kẹ́ Ẹ Jẹ́ Kó Hàn

Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó ń fi etí aṣọ nu fóònù, olùkọ́ tó kọ́ wa ní róbọ́ọ̀tì ni mo máa ń rántí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn kí wọ́n tó ya fídíò iṣẹ́ wa tí wọ́n máa gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á nù ún, wọ́n á ní, "Ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó hàn o. Ayé le. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ojú burúkú wò yín."

Àwa náà á máa dúpẹ́. A ò ní fóònù tiwa, a kì í rí fídíò náà.

Èmi ni mo ṣe róbọ́ọ̀tì tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe nikáà ni wọ́n yà á, làálì dúdú ṣì wà lórí gbogbo ìka mi.

Lọ́jọ́ kẹta, màámi ṣí fídíò náà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣàpọ́n. Ohùn olùkọ́ wa la gbọ́: "Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo rò ó, èmi náà ni mo tò ó." Àwọn èèyàn ti ń ṣàdúrà nísàlẹ̀: "Ọwọ́ yín ò ní rọ o, sà."

Màámi wo fóònù, wọ́n wo ìka mi.

"Ṣé olùkọ́ yín náà lé làálì ni?"

Ayé tó fi ń dẹ́rù bà wá, àṣé òun gan-an ni.