Abẹ̀bẹ̀ Tó Ń Jí Olóorun

Oníkálukú ló ní iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an wá sáyé. Ti Sàúdátù, ìyá Mubarakah, ni pé kí ẹnikẹ́ni má sùn.

Nínú ẹgbẹ́ àsàláátù wọn ní Egan, tó ń pé jọ láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, òun ló ń mú abẹ̀bẹ̀ dání. Kì í ṣe pé ooru ń mú un o. Igi abẹ̀bẹ̀ náà ló wúlò. Bí Àáfà Zikrullah bá ti ń ṣe wáàsí, Sàúdátù á máa rìn láàárín àwọn obìnrin, ẹni tó bá sì ń tòògbé, á fi igi abẹ̀bẹ̀ gún un níhà. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò náà. Ìtara ẹ̀sìn ló yàn án, ìtara kì í sì í dìbò.

Olórí ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ní ni Sìdíkátù ológì, ìyá Gàníyù. Kí Àáfà tó kí ìjọ tán, Ìyá Gàníyù á ti gbé orí lé èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa hanrun bí ẹ̀rọ tó ń lọ ògì rẹ̀. Lọ́sàn-án, ìdí ọjà ló ń sùn. Oníbàárà á fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ògì, á fi owó sábẹ́ igbá. Sàúdátù ti kìlọ̀ fún un títí pé iṣẹ́ ọwọ́ Ṣàìtáánì ni oorun ọ̀sán. Ìyá Gàníyù á ní ó dáa, á yíra padà.

Sàúdátù fúnra rẹ̀ kì í sùn lọ́sàn-án. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé, tó ń dìde kírun lóru, tó sì ń rí i dájú pé kò sí ará àdúgbò tí kò mọ̀ pé òun dìde. Láti ìparí ààwẹ̀ ni orí ti ń fọ́ ọ. Ó gbà pé ìdánwò ni, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i jàre. Ṣebí ẹni Ọlọ́run fẹ́ràn ló ń dán wò.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, Hamdalah, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àáfà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá bá wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ríru wò lẹ́yìn àdúà. Sàúdátù ti Ìyá Gàníyù síwájú, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí oorun ń fà. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ̀ Màámi ń lọ jẹ́jẹ́ bíi ti ọmọge. Sàúdátù ní àfàìmọ̀ kí ẹ̀rọ yẹn má ti bàjẹ́. Ó jókòó, ó na apá, kí ẹ̀rọ lè rí ẹ̀jẹ̀ onígbàgbọ́.

Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Ó bọ́ sí apá kejì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rọra bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, àti bó ṣe ń sùn sí. Sàúdátù fi ìgbéraga dáhùn pé òun kì í sùn.

“Mà, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́la, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀tunla. Wọ́n máa fún yín lóògùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa sùn pẹ̀lú, kódà lọ́sàn-án. Ara tí kì í sinmi ń da ẹ̀jẹ̀ láàmú.”

Sàúdátù kọjú sí Àáfà pé kó bá òun dá ọmọ yìí lóhùn. Àáfà họrí. Ó ní òótọ́ ni pé Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, a máa sinmi lọ́sàn-án, àti pé súnà ni.

“Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú wáàsí tèmi o,” ó yára fi kún un, ó ń wo Ìyá Gàníyù.

Ìyá Gàníyù ò gbọ́. Ó ti sùn.

Sàúdátù lọ sí ọsibítù, ó gba oògùn, ó sì ń lò ó. Oorun ni kò wá. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án, Àìṣát ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rí, Àìṣát tó ṣubú lórí ìrun ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní. Àìṣát ò sì pa ìrun jẹ rí. Ẹ̀rù ń ba Sàúdátù pé òun ló kàn. Èyí tó tún bà á lẹ́rù jùyẹn lọ ni ìbéèrè kan tí kò lè bi Àáfà: gbogbo òru tí òun fi dúró níwájú Ọlọ́run, ṣé Ó rí i ṣá? Kí ló dé tó jẹ́ ara ẹni tó ń hanrun ló dá? Á yára tọrọ àforíjì, á dìde, á padà sídìí máṣìnnì. Ẹni tó ń jí gbogbo ayé, ta ni yóò gbọ́ pé ó sùn?

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó tún mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dání. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ó ní kí òun jókòó ti Ìyá Gàníyù díẹ̀, kí òun lè ṣọ́ ọ dáadáa. Àáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ẹnu lé ọ̀rọ̀ ni.

Nígbà tó lajú, orí èjìká Ìyá Gàníyù ló bá ara rẹ̀. Àáfà ti parí wáàsí, ó ń mumi kó tó bẹ̀rẹ̀ àdúà ìparí. Itọ́ oorun ti rin etí híjáàbù. Abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìyá Gàníyù, ó rọra ń fi fẹ́ ẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí abẹ̀bẹ̀ yẹn máa ṣe iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Gbogbo obìnrin ń wò wọ́n. Ìtìjú kò jẹ́ kí Sàúdátù lè gbórí sókè. Orí ọ̀hún ò sì fọ́ ọ mọ́.

“Kí ló dé tẹ́ ò jí mi, Ìyá Gàníyù?”

“Wọ́n fẹ́ jí ọ, mo ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo wá lajú sílẹ̀, mo gbọ́ wáàsí látìbẹ̀rẹ̀ dópin.” Ìyá Gàníyù mí kanlẹ̀. “Ìyá Mubarakah, wáàsí yẹn mà gùn o. Mi ò mọ̀ pé ohun tójú rẹ ń rí láti ọjọ́ yìí nìyí.”

Sàúdátù nawọ́ sí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó dá ọwọ́ padà. Ó wá fọwọ́ tún èjìká Ìyá Gàníyù ṣe bí ẹni ń tún ìrọ̀rí ṣe, ó gbé orí padà síbẹ̀. Àdúà ìparí ṣì kù, Àáfà kì í sì í gé e kúrú.